Báwo ni wọ́n ṣe yọ Mudashiru Ọbasa nípò Abẹnugan Èkó, tó sì padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 49?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 13 oṣù Kínní ọdún 2025, Mudashiru Ọbasa ni Abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó, ipò tó ti wà láti ọdún 2015. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti yọ ọ́, wọ́n sì ti fi igbákejì rẹ̀, Mojísọ́lá Meranda, rọ́pò rẹ̀. Obìnrin kankan kò tíì jókòó lórí àga náà rí. Ọbasa kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn, Amẹ́ríkà ló wà. Ọjọ́ 49 lẹ́yìn náà, Meranda kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó padà di igbákejì, Ọbasa sì padà sórí àga. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà tún wá sọ pé ìyọnípò oṣù Kínní gan-an kò bófin mu.

Ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Lórí Facebook àti nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp, àwọn kan ń sọ pé wọ́n ti lé Ọbasa kúrò nílé aṣòfin pátápátá. Àwọn kan ní gómìnà ló yọ ọ́, àwọn mìíràn ní Ààrẹ ló dá a padà. Àwọn kan tilẹ̀ ń béèrè ìgbà tí àjọ INEC máa ṣètò ìbò tuntun ní Agége. Láti tú okùn yìí, a ní láti mọ̀ pé ìbò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbé ọkùnrin yìí dé ibi tó wà. Ìbò kan wà tí ará Agége ń dì. Ìkejì ni èyí tí àwọn aṣòfin ń dì láàárín ara wọn. Ìkejì yìí ni gbogbo wàhálà náà dá lé lórí.

Ta ni Ọbasa, ibo ló sì ti bẹ̀rẹ̀ òṣèlú?

Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 1972 ni wọ́n bí Mudashiru Ajàyí Ọbasa. Agége ni ilé òṣèlú rẹ̀. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU.

Ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá, ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ní oṣù Kejìlá ọdún 1998. Ọbasa wà lára àwọn tó di kánsẹ́lọ̀ ní Agége lábẹ́ àsíá ẹgbẹ́ Alliance for Democracy, AD, ẹgbẹ́ tó gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Láti 1999 di 2002 ló fi ṣe kánsẹ́lọ̀. Ẹni tó bá mọ bí òṣèlú Èkó ṣe ń rìn mọ̀ pé iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ kì í ṣe kékeré: níbẹ̀ ni èèyàn ti ń mọ olórí wọ́ọ̀dù, ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ onímọ́tò àti àwọn tó ń kó èrò jáde lọ́jọ́ ìbò. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ló ń pinnu ẹni tí ẹgbẹ́ máa fà kalẹ̀, kí orúkọ onítọ̀hún tó dé orí ìwé ìbò rárá.

Ọdún 2007 ló wọ ilé aṣòfin fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ìgbà mélòó ló ti wọlé ìbò, ẹgbẹ́ wo ló sì gbé e wọlé?

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ẹkùn ìdìbò Agége Kìíní ló ń ṣojú fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ 20 ni ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà mọ̀ ní Èkó, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì pín sí ẹkùn ìdìbò méjì nílé aṣòfin. Ibẹ̀ ni ìjókòó 40 ti wá, 40 náà sì ni iye tó pọ̀ jù tí òfin gbà fún ìpínlẹ̀ kankan.

Orúkọ ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé ń yí padà, àmọ́ ìdílé òṣèlú kan náà ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2007, Action Congress ni, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 nígbà tí AD ti fọ́ sí méjì. Nígbà tó di 2011, ẹgbẹ́ náà ti ń jẹ́ ACN. Ní 2013, ACN dara pọ̀ mọ́ CPC àti ANPP pẹ̀lú apá kan nínú APGA, APC sì jáde. Abẹ́ APC ló wà nínú ìbò 2015, 2019 àti 2023. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ pé Ọbasa ti wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin kò gbọdọ̀ rò pé ó ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Kò kúrò lẹ́yìn Bọ́lá Tinúbú láti 1999. Orúkọ tó wà lára ilé ló ń yí padà.

Ìbò wọ̀nyẹn kò rọrùn bákan náà fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 2015, PDP gba ìjókòó mẹ́jọ nínú 40 ní Èkó, èyí sì ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023, ẹgbẹ́ Labour na APC nínú ìbò ààrẹ ní Èkó, nínú ilé Tinúbú fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìbò 582,454 sí 572,606. Ìbò gómìnà àti ti aṣòfin tó tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta wá di ìjà àjàmọ̀gá. APC gba ilé aṣòfin padà, Agége Kìíní sì tún dìbò fún Ọbasa.

Àwọn kan ń béèrè bóyá òfin gbà kí ẹnì kan wà nílé aṣòfin tó báyẹn. Ó gbà. Gómìnà ni òfin fún ní sáà méjì péré. Aṣòfin lè máa padà wá ní gbogbo ọdún mẹ́rin níwọ̀n ìgbà tí ẹgbẹ́ bá fà á kalẹ̀ tí àwọn èèyàn sì dìbò fún un.

Ta ló ń yan Abẹnugan?

Kì í ṣe ìwọ, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe gómìnà. Abala 92 ìwé òfin 1999 sọ pé àwọn aṣòfin ló máa yan Abẹnugan àti igbákejì rẹ̀ láàárín ara wọn. Láti 1999, àwọn mẹ́ta ló ti jẹ ẹ́ ní Èkó ṣáájú Ọbasa: Ọlọ́runnímbẹ Mámọ́rà láti 1999 di 2003, Jókòótọlá Pèlúmi láti 2003 di ìparí 2005, àti Adéyẹmí Ìkúforíjì tó lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ẹ kíyè sí Pèlúmi. Àwọn aṣòfin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló yọ òun náà nípò ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, nítorí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2025 kì í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Èkó.

Oṣù Kẹfà ọdún 2015 ni wọ́n yan Ọbasa, wọ́n tún yàn án ní 2019 àti 2023.

Lọ́nà ti òfin, ìbò aṣòfin 40 ló ń ṣe Abẹnugan. Lọ́nà ti ìṣe, ẹgbẹ́ ló ń sọ ẹni tí wọ́n máa yàn. Ní APC Èkó, àwọn àgbà kan wà tí wọ́n ń pè ní GAC (Governance Advisory Council), Ọmọọba Tàjúdéènì Olúṣí ni olórí wọn nígbà náà. Ìwé òfin Nàìjíríà kò dárúkọ wọn níbì kankan, síbẹ̀ kò sí ipò ńlá kan ní Èkó tí wọn kì í dá sí. Lókè wọn ni Tinúbú fúnra rẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá ro ti àwọn àgbà yìí mọ́ ọ̀rọ̀ náà kò lè mọ ìdí tí ìbò tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ fi di òfo láàárín oṣù méjì.

Kí ló fa ìjà náà gan-an?

Ohun tí àwọn aṣòfin kà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́ ni pé ó ń ṣi agbára lò, ó ń náwó ilé níná àpà, ó ń halẹ̀ mọ́ àwọn aṣòfin, ó sì ń pẹ́ dé sí ìjókòó. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú ẹ̀sùn owó ni ti géètì ilé aṣòfin, tí wọ́n ní bílíọ̀nù 17 náírà ló bá a lọ. Nígbà tí Ọbasa padà dé ní ọjọ́ 25 oṣù Kínní, ó bá àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì sẹ́ gbogbo rẹ̀. Ó béèrè irú géètì tó lè jẹ owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ṣì ni Abẹnugan, nítorí wọn kò tẹ̀ lé ìlànà.

Ẹ̀sùn owó kò ṣàjèjì sí i. Ní 2020, irú ẹ̀ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé aṣòfin gbé ìgbìmọ̀ kan dìde, ìgbìmọ̀ náà sì dá a láre. EFCC náà pè é fún ìbéèrè lọ́dún yẹn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020 kan náà, ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ wáyé nínú ilé: wọ́n yọ Rótìmí Abíru àti Mùyíwá Jímọ̀ kúrò nínú ipò olóyè ilé, wọ́n sì ní kí aṣòfin méjì mìíràn lọ rọ́kún nílé. Nítorí náà, ọdún márùn-ún kí wọ́n tó yọ ọ́ ni ìbínú ti ń ṣe wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Àmọ́ ẹ̀sùn nìkan kọ́ ló dá ọjọ́ náà. Àjọṣe Ọbasa àti àwọn gómìnà ti le láti ọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù Kínní ọdún 2019, ilé aṣòfin lábẹ́ rẹ̀ halẹ̀ pé àwọn máa rọ Gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé lóyè lórí ètò ìṣúná, nígbà tí Ambọ̀dé ti pàdánù ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́, tí oṣù díẹ̀ péré sì kù fún un. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fi orúkọ èèyàn 39 ránṣẹ́ fún ipò kọmíṣọ́nà àti olùdámọ̀ràn, ilé kọ 17 nínú wọn. Irú ẹ̀ kì í wọ́pọ̀ láàárín gómìnà àti ilé aṣòfin tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kan náà.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ 2027 wọlé. Sáà kejì Sanwó-Olú máa parí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2027, kò sì lè du ipò náà mọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí gómìnà wá ka àbá ìṣúná ọdún 2025, Ọbasa fi èsì fún àwọn tó ń sọ pé òun kéré tàbí pé òun kò ní ìrírí tó láti di gómìnà. Ó ní àwọn tó ti ṣe é ṣáájú kò sàn ju òun lọ. Gómìnà tó wà lórí oyè jókòó síbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ní tèmi, bí ọjọ́ kan bá wà tí ìjà abẹ́lẹ̀ bọ́ síta, ọjọ́ yẹn ni. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí àga fi yọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó wà lẹ́yìn Ọbasa ní ohun tó tó ẹ̀rí nìyẹn pé ẹ̀sùn owó kàn jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi bo ìjà ipò gómìnà. Àwọn aṣòfin tó yọ ọ́ ní kò sí ẹni tó rán àwọn níṣẹ́, pé ìyà tó ti ń jẹ àwọn lábẹ́ rẹ̀ ló sún àwọn dé ògiri. Kò sí ìdí tí méjèèjì kò fi lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé òfin gbà kí wọ́n yọ ọ́ báyẹn?

Ibi tí àlàyé ti gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ díẹ̀ nìyí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn agbẹjọ́rò fúnra wọn ti pín sí méjì.

Abala 92, ìlà kejì, sọ pé Abẹnugan máa kúrò nípò bí ilé bá fi ìpinnu yọ ọ́ pẹ̀lú ìbò tí kò dín ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣòfin. Nínú 40, 27 ni. Àwọn tó fọwọ́ sí ìyọnípò lọ́jọ́ 13 oṣù Kínní lé ní 30. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti iye nìkan, ó ti parí.

Ẹ fi wé ti gómìnà. Láti rọ gómìnà lóyè, abala 188 béèrè pé kí ìdá kan nínú mẹ́ta aṣòfin kọ ẹ̀sùn sílẹ̀, kí wọ́n fún gómìnà ní ẹ̀dà, kí ilé dìbò pé kí wọ́n wádìí rẹ̀, kí Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje, kí gómìnà gbèjà ara rẹ̀ níwájú wọn, kí ilé tó tún dìbò lẹ́yìn àbọ̀ ìgbìmọ̀. Fún Abẹnugan, ìwé òfin kò to ìlànà kankan sílẹ̀. Iye ìbò ló dá, kò dá bí wọ́n ṣe máa pe ìpàdé tí wọ́n ti máa dìbò. Àlàfo yìí ni ìjà bá wọlé.

Èrò àwọn aṣòfin ni pé ìgbẹ́kẹ̀lé ẹlẹgbẹ́ ló gbé Abẹnugan dé ipò, bí ìgbẹ́kẹ̀lé bá sì ti tán, kò sí ohun tí à ń wádìí mọ́. Abala 95 gbà kí igbákejì darí ìjókòó bí Abẹnugan kò bá sí. Abala 101 fún ilé lágbára láti to ìlànà ara rẹ̀, kò sì yẹ kí ilé ẹjọ́ máa yọjú sí ohun tó ń lọ nínú ilé.

Èrò ẹgbẹ́ kejì ni pé ilé wà nínú ìsinmi lọ́jọ́ náà. Ọbasa ló gbà wọ́n láyè láti lọ sinmi, òun ló sì lágbára láti pè wọ́n padà, kò pe ẹnikẹ́ni, kò sì gbé agbára náà fún ẹnikẹ́ni. Bí ìpàdé fúnra rẹ̀ kò bá bófin mu, ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kò lè bófin mu, ì báà jẹ́ gbogbo 40 ló dìbò. Wọ́n tún fi abala 36 kún un, èyí tó ní wọn kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Ọbasa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Èkó ní oṣù Kejì.

Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 49 yẹn?

Meranda, tó ń ṣojú Àpápá Kìíní, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n yan igbákejì tuntun, ilé ń jókòó. Ọ̀pọ̀ obìnrin yọ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ Èkó kan náà sì yọ̀ pé tiwọn ló wà níbẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àmọ́ ìbéèrè mìíràn dìde kíá, ti ìpín agbègbè. Ẹkùn mẹ́ta ni Èkó ní nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà: Ìwọ̀-oòrùn, Ìlà-oòrùn àti Àárín Gbùngbùn. Àárín Gbùngbùn ni Sanwó-Olú ti wá, Ìlà-oòrùn ni igbákejì rẹ̀, Ọbáfẹ́mi Hamzat, ti wá. Agége wà ní Ìwọ̀-oòrùn, tó pọ̀ ní èèyàn jù lọ. Bí Abẹnugan bá wá kúrò ní Agége bọ́ sí Àpápá, Àárín Gbùngbùn ló mú gómìnà àti Abẹnugan pọ̀, Ìwọ̀-oòrùn kò sì ní nǹkan kan mọ́ nínú àwọn ipò tó ga jù. Nínú àwọn aṣòfin tó fẹ́ kí Ọbasa lọ pàápàá, àwọn kan wà tí ìdí yìí mú àyà wọn já.

Ọjọ́ 17 oṣù Kejì ni nǹkan kọ́kọ́ burú. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, DSS, ya wọ ilé aṣòfin ní Aláúsá, wọ́n ti ọ́fíìsì Abẹnugan pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé kọ̀ fún wọn, wọ́n dojú kọ ara wọn, fídíò rẹ̀ sì gba orí fóònù gbogbo èèyàn kan. Kí ohùn ìbínú tó rọlẹ̀ ni lẹ́tà kan jáde tó fi hàn pé láti inú ilé aṣòfin gan-an ni wọ́n ti kọ̀wé pe DSS pé kí wọ́n wá fi ààbò kún ilé.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 27, Ọbasa fúnra rẹ̀ wọ ilé pẹ̀lú àwọn ẹ̀ṣọ́, ó lọ jókòó sórí àga, ó sì darí ìjókòó pẹ̀lú aṣòfin mẹ́rin. Àwọn èèyàn ń béèrè bóyá èèyàn márùn-ún lè pe ara wọn ní ilé aṣòfin. Abala 96 ní ìdá kan nínú mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìyẹn 14 nínú 40. Àmọ́ òfin náà tún sọ pé ìgbà tí aṣòfin kan tó wà níbẹ̀ bá tako àìpé wọn ni olùdarí máa dúró wò ó, tí iye náà kò bá sì pé, kó dá ìjókòó dúró. Nínú àwọn mẹ́rin tó bá a jókòó, ta ni ì bá tako? Báyìí ni Èkó ṣe ní èèyàn méjì tó ń pe ara wọn ní Abẹnugan, tí iṣẹ́ ilé kò sì dúró sójú kan.

Ta ló dá Ọbasa padà?

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, nínú ìjókòó ilé, Meranda kọ̀wé fipò sílẹ̀. Wọ́n fi Ọbasa padà sórí àga, Meranda sì padà sí ipò igbákejì. Lójú òfin, àwọn aṣòfin kan náà tó yọ ọ́ ló dá a padà.

Kí wọ́n tó débẹ̀, ìpàdé ti pọ̀. Ohun tó ká àwọn àgbà ẹgbẹ́ lára, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe jáde, ni pé àwọn aṣòfin ṣe nǹkan ńlá bẹ́ẹ̀ láìfi tó ẹgbẹ́ létí. Àwọn ìròyìn sì gbé e káàkiri pé Tinúbú dá sí i, pé àdéhùn náà ni kí Ọbasa padà kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ ìtìjú ìjà ilé. Àwọn tó ń ṣàtakò ní èyí ni ìṣòro Èkó gan-an: aṣòfin tó lé ní 30 pinnu, ẹni tí kò sí nínú ilé sì yí ìpinnu wọn padà. Àwọn tó ń gbè é lẹ́yìn ní ẹgbẹ́ ló gbé gbogbo wọn wọlé, ẹgbẹ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ọmọ rẹ̀ jókòó kí ilé tó jó.

Ohun tó dun àwọn obìnrin òṣèlú jù ni pé kò sí ẹ̀sùn kan tí ẹnikẹ́ni fi kan Meranda. Ó ṣe Abẹnugan fún ọjọ́ 49, ó sì gbé àga sílẹ̀ kí àlàáfíà lè wà. Àwọn kan yìn ín fún ìrẹ̀lẹ̀. Àwọn mìíràn béèrè ìdí tó fi jẹ́ pé obìnrin ni wọ́n máa ń ní kó rẹ̀lẹ̀.

Kí ni ilé ẹjọ́ sọ nígbẹ̀yìn?

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 2025, Adájọ́ Yétúndé Pinheiro ti ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà dá ẹjọ́ tí Ọbasa pè. Ó ní ìjókòó ọjọ́ 13 oṣù Kínní àti ìyọnípò tó wáyé níbẹ̀ tako ìwé òfin, ó sì fagi lé wọn.

Nígbà tí ìdájọ́ náà fi jáde, Ọbasa ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lórí àga. Ẹ̀yin tó ń béèrè ohun tó wúlò fún, ẹ wò ó báyìí: bí ìyọnípò bá di òfo láti ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé lójú òfin, Ọbasa kò kúrò nípò rí. Ìdájọ́ náà kò sọ pé ó jẹ̀bi tàbí pé kò jẹ̀bi ẹ̀sùn owó. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yọ ọ́ nìkan ló dá lé.

Kí ló dé tí kò fi sí ìbò tuntun ní Agége?

Nítorí pé ìjókòó Agége Kìíní kò ṣófo fún ọjọ́ kan. Abẹnugan tí wọ́n bá yọ ṣì jẹ́ aṣòfin. Ó lè padà sí ìjókòó lásán láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí Pèlúmi ṣe padà sí i ní 2005. Ní Ògùn, nígbà tí àwọn aṣòfin yọ Kúnlé Olúọmọ nípò Abẹnugan ní oṣù Kínní ọdún 2024, tí wọ́n fi Olúdáísí Ẹlẹ́mìídé rọ́pò rẹ̀, kò sí ẹni tó dìbò tuntun ní ẹkùn rẹ̀.

Ará Agége lè gba ìjókòó náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí sáà tó parí, ọ̀nà rẹ̀ sì wà nínú abala 110: kí iye tó ju ìdajì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà fọwọ́ síwèé pé àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́, kí INEC wá ṣètò ìbò bẹ́ẹ̀-ni tàbí bẹ́ẹ̀-kọ́ láàárín ọjọ́ 90. Kò sí ẹni tó gbé irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Agége.

Kí ló kan ará ìlú nínú gbogbo èyí?

Owó ni àkọ́kọ́. Ètò ìṣúná Èkó fún 2025 jẹ́ tírílíọ̀nù 3.366 náírà, kò sì sí kọ́bọ̀ tó lè jáde nínú rẹ̀ bí ilé aṣòfin kò bá fọwọ́ sí i. Ìṣúná yẹn ti kọjá kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, oríire ìpínlẹ̀ nìyẹn. Ká ní oṣù Kọkànlá ni ìjà náà bẹ́, bóyá owó oṣù tíṣà àti ti nọ́ọ̀sì ló máa kọ́kọ́ fara gbá a. Kọmíṣọ́nà tó ń bójú tó ilé ìwé, ọ̀nà àti ilé ìwòsàn, ilé yìí ló ń gbà wọ́n wọlé tàbí kọ̀ wọ́n.

Àwa tó fẹ́ràn èdè wa tún ní ìdí mìíràn láti máa wo ibẹ̀. Ilé yìí máa ń fi Yorùbá jókòó ní Ọjọ́bọ̀. Lábẹ́ Ọbasa ni wọ́n ṣe òfin tó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ní Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni, Ambọ̀dé sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún 2018. Àwọn tó ń ta kò ó lórí owó àti àwọn tó ń yìn ín lórí òfin yìí, ọkùnrin kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ṣé wọ́n tún lè yọ ọ́?

Wọ́n lè yọ ọ́. Ìdájọ́ oṣù Kẹrin kò yí ìlà kan padà nínú ìwé òfin. Ìbò 27 ṣì lè yọ Abẹnugan Èkó. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà tí ilé ẹjọ́ kò ní tú ká, àwọn aṣòfin ní láti dúró de ìgbà tí ilé kò sí nínú ìsinmi, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìlànà ilé, ṣáájú kí ìjà tó dé, ẹni tó lè pè wọ́n padà bí Abẹnugan kò bá fẹ́ pè wọ́n. Wọ́n sì tún ní láti fún un láyè kó sọ tẹnu rẹ̀. Sáà ilé kẹwàá yìí máa parí ní oṣù Kẹfà ọdún 2027. Lọ́jọ́ tí ilé tuntun bá kọ́kọ́ jókòó, òfin ti sọ àga Abẹnugan di òfo fúnra rẹ̀, aṣòfin 40 mìíràn ló sì máa dìbò sí i.